Fẹ́mi Ló Wà Nídìí Ààrò Nígbà tí Ọkọ̀ Wa Rì

Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni mo wà, ní èbúté kan nílẹ̀ Íńdíà, nígbà tí ọkọ̀ tí mo ti ń dáná gbéra láìsí mi.

Inú ló ti ń run mí láti àárín òkun. Mo kọ́kọ́ rò pé oúnjẹ àná tí mo tún gbé kaná ni, nítorí àwa tí à ń se oúnjẹ fún ará ọkọ̀ kì í sábà jẹ oúnjẹ gidi. Ohun tó bá ṣẹ́kù sísàlẹ̀ ìkòkò là ń jẹ. Nígbà tó yá, n kò lè nàró mọ́. Mo ń di etí tábìlì mú bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ọ̀gá ọkọ̀ wa, ará Gíríìsì kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wò mí títí, ó ní, "Kúùkù, má kú sínú ọkọ̀ mi o." Bí a ṣe gúnlẹ̀ ni wọ́n gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti la ikùn mi, tí wọ́n sì gé àpẹ́ńdíìsì kúrò níbẹ̀. Dókítà ní díẹ̀ ló kù kó bẹ́ sí mi nínú.

Ọkọ̀ akẹ́rù kì í dúró de aláìsàn. Ajílẹ̀ ló kún inú rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ìlú kan sì ń retí rẹ̀. Kò pẹ́ tí éjẹ́ǹtì tó máa ń bá wa wá iṣẹ́ ọkọ̀ fi pè mí láti Èkó.

"Ráímì, wọ́n fẹ́ kúùkù mìíràn kíákíá. Èbúté tí wọ́n ti máa ra epo ló ti máa bá wọn. Ta lo mọ̀ tí ìwé rẹ̀ pé?"

N kò tilẹ̀ ronú. Ojú ibi tí wọ́n ti rán ikùn mi ṣì ń ta mí bí mo ṣe lanu. Mo ní, "Fẹ́mi wà ní Ìsọlọ̀."

Kí n sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ akẹ́rù kì í ṣe ọkọ̀ ogun, kì í sì í ṣe ọkọ̀ èrò. Ẹrù ló ń kó láti ìlú dé ìlú: àlìkámà, símẹ́ńtì, irin, ajílẹ̀. Ọkọ̀ náà lè gùn ju àdúgbò kan lọ, síbẹ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ inú rẹ̀ kò ju iye tó lè kún bọ́ọ̀sì kan lọ. Ará Gíríìsì, ará Ukrénì, ará Filipíìnì, ará Gánà, àti àwa ọmọ Nàìjíríà. Èdè wọn kò bára mu, ikùn wọn pàápàá kò bára mu. Kúùkù ló gbọ́dọ̀ bọ́ gbogbo wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, nínú ilé ìdáná tóóró kan tí wọ́n ń pè ní gálè. Kò fẹ̀ ju yàrá ẹnì kan lọ, ilẹ̀ rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dáná nínú ọkọ̀, ẹ̀wà ni mo sè. Mo da ata rodo sí i bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe ní Ìkirè. Ọ̀gá àwọn ẹlẹ́ńjìnnì bu ṣíbí kan jẹ, ó dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó jáde, a ò sì rí i mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá Kofí, ará Gánà tó jẹ́ ọ̀gá mi nígbà náà, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ráímì, o fẹ́ pa ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì? Ìwọ lo máa wa ọkọ̀ délé?"

Bàbá Kofí ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀. Ó kọ́ mi bí a ti ń pín ẹ̀fọ́ tútù kó lè pẹ́, bí a ti ń se ìrẹsì tí ará Filipíìnì máa jẹ tí kò fi ní í fajú ro. Ó tún kọ́ mi pé kí n máa wo abọ́ bó ṣe ń padà bọ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá dá oúnjẹ padà lẹ́ẹ̀kan, kò sí nǹkan. Tó bá dá a padà lẹ́ẹ̀mejì, lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ló kú nílé." Báyìí ni mo ṣe ń kan ilẹ̀kùn àwọn èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń bá jà, mo mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hu eyín. Nígbà tí mo bá sọ pé ọkọ̀ wa rì, kì í ṣe irin ni mo ní lọ́kàn.

Fẹ́mi ńkọ́? Èmi àti ẹ̀ jọ ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì kan lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú kí n tó lọ sójú omi. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ọmọ ìjọ tó máa ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì sórí ìkòkò. Ọwọ́ rẹ̀ dùn jù mí lọ, n kò sì sọ ọ́ nítorí pé ó ti kú. Nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì náà kógbá sílé, ó ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ káàkiri Òṣòdì, ó ń bá wọn se oúnjẹ ìsìnkú, ó ń dín ẹja fún oníbàárà tí kì í padà wá. Ó ti ṣe ìwé iṣẹ́ ojú omi sílẹ̀, ó ń dúró. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ojú òkun dé, kí n tó tú ẹrù mi tán, á ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi.

"Ẹ̀gbọ́n Ráímì, ẹ má gbàgbé mi o."

"N kò lè gbàgbé ẹ, Fẹ́mi."

Mo sì ṣe bí mo ṣe wí. Lọ́jọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tóbi, ru gaàrí Ìjẹ̀bú àti ẹja gbígbẹ lọ bá ìyàwó mi ní ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Aswani, níbi tó ti ń ta aṣọ. Ó kúnlẹ̀ sáàárín ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà kọjá. Ìyàwó mi gbé fóònù sí i létí kó lè bá mi sọ̀rọ̀.

"Bàbá Sófíà, ẹ ti gbà wá. Ọlọ́run á gba ẹ̀yin náà."

Mo wà lórí ibùsùn mi ní Íńdíà, mo ń rẹ́rìn-ín, mo fi ọwọ́ di ikùn mú kí ojú egbò má baà là. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo rí ara mi bí èèyàn ńlá.

Fẹ́mi kò jẹ́ kí n sinmi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀. Bó bá ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á pè. Ó fẹ́ mọ ibi tí mo kó ìyẹ̀fun sí, ó fẹ́ mọ ìdí tí búrẹ́dì fi ń jóná lápá kan. Ó ní ọ̀gá ọkọ̀ jẹ ọbẹ̀ ẹja òun tán, ó tún na abọ́ padà. Mo bi í bóyá ó fi ata sí i. Ó ní, "Díẹ̀ báyìí, Ẹ̀gbọ́n. Mò ń fà wọ́n wọlé díẹ̀díẹ̀ ni."

Mo ti padà dé Ìsọlọ̀ nígbà tó pè mí lórí ọ̀rọ̀ ogun. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé àwọn kan ń bá ara wọn jà lápá ibi tí ọkọ̀ wa ń lọ, àti pé àdó olóró ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ tí kò mọ̀wọ́ tí kò mẹsẹ̀. Omi tóóró tí wọ́n ń jà sí náà ni ọkọ̀ wa gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Nínú iṣẹ́ wa, wọn kì í fi túláàsì mú èèyàn wọ irú ibẹ̀. Wọ́n á pe gbogbo yín jọ. Ẹni tó bá gbà, á fọwọ́ síwèé, wọ́n á fi nǹkan kún owó rẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀ sí èbúté, wọ́n á dá a padà sílé.

"Wọ́n ti gbé ìwé náà wá, Ẹ̀gbọ́n," ni Fẹ́mi wí.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Gbogbo àwọn tó kù ti sáìnì."

"Fẹ́mi, o lè sọ pé o ò lọ. Ẹ̀tọ́ ẹ ni. Kò sẹ́ni tó máa nà ẹ́."

Mo ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn rẹ̀, ìró tí mo mọ̀ bí mo ṣe mọ ohùn àwọn ọmọ mi.

"Tí mo bá kọ̀ nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo wọ̀, ta ló tún máa gbà mí? Ẹ̀yin ńkọ́, ká ní ẹ̀yin lẹ wà níbí?"

Mo ní, "Mo máa sáìnì."

Òótọ́ ni mo sọ. N kò ní sọ pé mo ti rí i lójú àlá, tàbí pé ara mi ti sọ fún mi. Mo ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ, mo pa fóònù, mo lọ jẹun.

Ohùn rẹ̀ tí mo gbọ́ kẹ́yìn nìyẹn. Nígbà tí éjẹ́ǹtì pè mí, kò kí mi. Ó ní wọ́n ti lu ọkọ̀ náà níbi ẹ́ńjìnnì, pé ọkọ̀ mìíràn tó wà nítòsí sáré lọ síbẹ̀, àmọ́ epo tó léfòó àti ẹ̀wù ìdóòlà bíi mélòó kan ló bá lójú omi. Wọ́n ṣì ń wá wọn, àmọ́ mo mọ ọkọ̀ náà. Mo mọ bí ajílẹ̀ ṣe wúwo tó. Mo mọ ibi tí gálè wà, nísàlẹ̀, lẹ́yìn, lókè yàrá ẹ́ńjìnnì gan-an. Mo mọ iye àtẹ̀gùn tó wà láàárín ibẹ̀ àti ìta. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé mi bí ẹni tí wọ́n tì lulẹ̀.

Éjẹ́ǹtì ní, "Ráímì, jọ̀ọ́, ìwọ lo mọ ìyàwó rẹ̀."

Ire-Àkárí ni wọ́n ń gbé, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ńlá kan. Aṣọ ọmọ ilé-ìwé ni Ìyá Tóbi ń rán. Èmi àti ìyàwó mi lọ síbẹ̀. Bí ó ṣe rí mi, ó fò dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó pàtẹ́wọ́.

"Bàbá Sófíà! Ẹ ti lè rìn! Háà, inú Fẹ́mi á dùn. Ọ̀rọ̀ ara yín ló máa ń bi mí ní gbogbo ìgbà."

Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu àga fún mi, ó ní kí n jókòó, kí n má dá ara mi lágara. Ìyàwó mi ló di ọwọ́ rẹ̀ mú, òun ló sọ ọ́. Ìyá Tóbi gbọ́ ọ, ó wo ìyàwó mi, ó wá wo èmi. Ó bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò tíì mú kúrò lára títí di òní.

"Ṣé Fẹ́mi náà ló wà nídìí ààrò lọ́jọ́ náà? Ṣé kì í ṣe ẹlòmíràn?"

Mo ní, "Òun ni."

Wọ́n ṣáà ń wá wọn, wọ́n wá wọn títí, wọ́n dáwọ́ dúró. Kò sí ẹni tí wọ́n rí. Ọ̀gá ọkọ̀ tó ní kí n má kú sínú ọkọ̀ òun, òun náà bá a lọ. Ọmọ Filipíìnì tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hu eyín bá a lọ.

Ní Ìsọlọ̀, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi kú oríire. Bí mo bá jáde láàárọ̀, ẹni tó ń ta búrẹ́dì á na ọwọ́ sókè ọ̀run. Alájọgbé wa kan tilẹ̀ fọwọ́ kan ojú egbò ikùn mi, ó ní òun fẹ́ fi ra orí. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Ìdùnnú tòótọ́ ni wọ́n ń bá mi yọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìdájí, mo ń wọlé nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá lọ. Bí mo bá fẹ́ lọ sí Òṣòdì, mo máa ń gba ọ̀nà tó jìn kí n má baà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ire-Àkárí.

Ìyá mi ló wá láti Ìkirè tó ní a gbọ́dọ̀ ṣe sàárà. Mo kọ̀. Mo ní kí a fi í sílẹ̀. Ó sunkún, ó ní ṣé mo fẹ́ kí Ọlọ́hun rò pé òun kò dúpẹ́ ni. Wọ́n ra àgbò kékeré kan, wọ́n pe àfáà kan láti Òṣòdì, wọ́n tẹ́ ẹní sí iwájú ilé. Èèyàn kò pọ̀. Èmi ni mo fẹ́ dáná, kí n lè rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe, wọ́n ní ẹni tí a ń bá dúpẹ́ kì í dáná. Mo jókòó bí ère.

Nígbà náà ni Ìyá Tóbi wọlé. Kò sẹ́ni tó pè é. Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Ó ti gbọ́ ni. Ó ṣí gèlè kúrò lórí, ó so ó mọ́ ìdí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ fún àwọn èèyàn bí ọmọ ilé. Mo ń wò ó bó ṣe ń tẹ̀ ba, tó ń gbé abọ́ síwájú ẹni yìí àti ẹni yẹn. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Àfáà kò mọ nǹkan kan. Èèyàn dáadáa ni, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun tó mú arákùnrin wa kúrò nínú ọkọ̀ náà, tó sì fi ẹlòmíràn dí ipò rẹ̀. Bí ibi bá tún ń bọ̀, Ọlọ́hun á tún fi ẹlòmíràn dí i."

Gbogbo èèyàn ní, "Àmín." Mo gbójú sókè. Ìyá Tóbi dúró pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́, ètè òun náà mì. Ó ṣe Àmín. Kò fẹ́ ba ọjọ́ wa jẹ́.

Mo dìde. N kò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ẹ má ṣe àdúrà yẹn."

"Kí ló dé, Alhájì?"

"N kì í ṣe Alhájì. Ẹlòmíràn tí ẹ ń wí yẹn, ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé omi bọ̀ wá fún yín yẹn."

Ìyá mi fi ìborùn bo ẹnu. Àfáà sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó wo Ìyá Tóbi títí, ó sì bi mí pé, "Kí ni wọ́n ń pe ọkọ rẹ̀?"

"Fẹ́mi."

Kò bi mí bóyá mùsùlùmí ni tàbí kì í ṣe mùsùlùmí. Ó gbàdúrà fún Fẹ́mi, ó gbàdúrà fún gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà, ó sì kó bàtà rẹ̀. Kò jẹun. Nígbà tí mo lọ sẹ́yìn ilé, Ìyá Tóbi ti jókòó sídìí ọpọ́n, ó ń fọ abọ́.

Mo ní, "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa fọ abọ́ yìí."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ n fọ̀ ọ́. Tí n kò bá ṣe nǹkan kan, mo máa kígbe."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ju ọkọ rẹ̀ pàápàá lọ.

N kò padà sójú omi mọ́. Éjẹ́ǹtì pè mí títí ó sú u. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Àpákùn, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú, mo ń se oúnjẹ fún àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ń gbé ẹrù èrò. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í mì. Fún oṣù púpọ̀, mo ṣì ń fẹ̀yìn ti ògiri kí n tó gbé ìkòkò. Owó ẹ̀tọ́ Fẹ́mi jáde lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn wàhálà lọ́yà. Ìyá Tóbi fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ sí i, ó gba ọmọṣẹ́. Èmi máa ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ Sátidé. Mo máa ń fi ránṣẹ́ ni, n kì í gbé e lọ fúnra mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ìyá Tóbi wọ ṣọ́ọ̀bù mi, òun àti Kúnlé, àbúrò Fẹ́mi. Ojú Fẹ́mi ló wà lójú ọmọkùnrin náà, n kò lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Tóbi ní, "Kúnlé ti gba ìwé iṣẹ́ ojú omi. Ẹ bá wa sọ fún éjẹ́ǹtì yín."

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. "Éjẹ́ǹtì wo?"

"Èyí tí ẹ bá Fẹ́mi sọ fún."

"Rárá o. Ìyá Tóbi, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ ẹ̀. Ẹ ní kí ó wá kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi níbí."

"Iṣẹ́ kí ló máa kọ́? Ó ti jáde ní pólì láti ìgbà wo? Ó gun ọ̀kadà, wọ́n gba ọ̀kadà. Ẹ̀yin lọ sójú omi, ẹ kọ́lé sí Ìkirè. Ó wá kan tiwa, ẹ fẹ́ ti ilẹ̀kùn."

"Lẹ́yìn ohun tí ojú yín rí? Ọkọ yín ..."

"Mo mọ ibi tí ọkọ mi wà!"

Àwọn awakọ̀ tó ń jẹun gbé ṣíbí dúró. Kúnlé fà á láṣọ, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa á, Bàbá Sófíà. Ẹ wá iṣẹ́ fún un, iṣẹ́ ló ń wá. Ẹ yéé rìn káàkiri Ìsọlọ̀ bí ẹni tó pa á, ó ti sú mi! Tí ẹ bá rí mi, ẹ̀ẹ́ gba ọ̀nà mìíràn. Tí ẹ bá fi oúnjẹ ránṣẹ́, ẹ ò ní wá. Ẹ tún ń fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀ bíi pé mo ti di ìyá yín. Èmi ni ọkọ mi kú, èmi ni mo tún gbọ́dọ̀ máa rẹ̀ yín lẹ́kún? Ta ni mo fẹ́ bi pé kí ni Fẹ́mi sọ, kí ló jẹ, ta ló ń bá ṣeré níbẹ̀? Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ń sá fún mi."

Ó jókòó sí bẹ́ńṣì, ó bú sẹ́kún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí i kó sunkún nìyẹn.

Ojú tì mí lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ sàárà lọ. Mo ti rò pé ìtìjú mi jẹ́ ọ̀wọ̀ tí mo ń bù fún un. N kò mọ̀ pé mo ti sọ ọ́ di ẹrù, mo sì gbé e ka orí obìnrin náà. Mo bu omi mímu fún un, mo jókòó sí òdìkejì rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo sọ ti ìyẹ̀fun, mo sọ ti búrẹ́dì tó ń jóná lápá kan. Nígbà tí mo dé ibi tí Fẹ́mi ti ń fà wọ́n wọlé pẹ̀lú ata díẹ̀díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún, ó ní, "Bó ṣe ṣe fún mi nílé nìyẹn." Mo sọ ti ìwé tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí, àti ohun tí mo fi dá a lóhùn nígbà tó bi mí. N kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

"O ṣeun," ni mo ní. Mo ti gbàgbé "ẹ".

Síbẹ̀, n kò bá Kúnlé wá ọkọ̀. Ọwọ́ mi kọ̀. Ó rí éjẹ́ǹtì mìíràn fúnra rẹ̀, ó sì wá sọ fún mi kó má baà jẹ́ pé lẹ́nu ará àdúgbò ni mo ti máa gbọ́. Mo ní tó bá jẹ́ pé ó ń lọ dandan, kò ní lọ láì mọ iṣẹ́. Mo mú un wọ ìdí ààrò. Ó jó ìrẹsì lọ́jọ́ kìíní, ó jó o lọ́jọ́ kejì, oníbàárà kan ní ṣé èédú là ń tà báyìí ni. Kò ní ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ó lágídí, ó sì ń wo abọ́ àwọn èèyàn bó ṣe ń padà bọ̀. Mo sọ fún un nípa ìwé tí wọ́n máa gbé wá bí ọkọ̀ bá fẹ́ wọ ibi ogun.

"Bí wọ́n bá bi ẹ́, má wo ojú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Wo ojú ara ẹ."

Ó ní òun gbọ́. Ó lọ. Èmi àti Ìyá Tóbi ń pe ara wa lálaalẹ́, a kì í sọ ohun tí a fi ń pe ara wa.

Kò tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi gbé ìwé náà wá bá a. Ó kọ̀. Òun àti ọmọ Gánà kan ni wọ́n kọ̀, àwọn tó kù fọwọ́ sí i. Wọ́n sọ wọ́n kalẹ̀ sí èbúté kan, wọ́n dá wọn padà sílé. Kí ó tó dé, àdúgbò ti gbọ́. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò tíì lo ọṣẹ kan tán kó tó sá padà.

Èmi àti Ìyá Tóbi la lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Ó jáde pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, ó ń wo ilẹ̀. Kò dọ̀bálẹ̀ tán kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá má tiẹ̀ wá. Ọkọ̀ yẹn ti kọjá. Wọ́n kọjá láyọ̀, kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Wọ́n ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo ní, "Mo dúpẹ́ pé wọ́n kọjá." Mo dúpẹ́ lóòótọ́. Mo ti ń ronú nípa wọn látàná.

"Ṣé mo ṣe é dáadáa àbí n kò ṣe é dáadáa?"

Ìyá Tóbi ti gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gbé e kọ́ èjìká, ó ń nu ojú ọmọkùnrin náà pẹ̀lú etí ìborùn rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ kékeré. Wọ́n ti kọjá, òun sì ti dé.

"Ojú ń tì mí, Ẹ̀gbọ́n," ó tún wí.

"Ó ń ti èmi náà, ọjọ́ ti pẹ́. Kì í pani," ni mo wí. "Láàárọ̀ ọ̀la, wá bá mi bó àlùbọ́sà."